Ta ni yóò bi Màmá léèrè? Ìfìyàjẹ àwọn àgbàlagbà àti iṣẹ́ tó wà níwájú àwọn ilé ìwòsàn wa

Lọ́dọọdún, bí ó bá ti di ọjọ́ 15 oṣù kẹfà, gbogbo àgbáyé a máa ṣe àyájọ́ ìtanijí lórí ìfìyàjẹ àwọn àgbàlagbà. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ọjọ́ náà ní ìparí ọdún 2011, lẹ́yìn tí àwọn ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àgbàlagbà ti ń ṣe é láti ọdún 2006. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, àpilẹ̀kọ ni a sábà máa ń kà lọ́jọ́ náà, a ó ya fọ́tò, a ó sì pín ìrẹsì fún àwọn ìyá arúgbó. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ayẹyẹ kì í dáhùn: nígbà tí àgbàlagbà tí wọ́n ń fìyà jẹ nínú ilé bá wọ ilé ìwòsàn wa nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí egbò ẹsẹ̀, ta ni yóò fura, ta ni yóò sì bi í léèrè?

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Àlàyé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń lò ni pé ìfìyàjẹ àgbàlagbà ni ìwà kan, ìbáà ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tàbí léraléra, tàbí àìṣe ohun tó yẹ ní ṣíṣe, tó fa ìpalára tàbí ìbànújẹ́ fún àgbàlagbà láti ọwọ́ ẹni tó yẹ kí ó lè fọkàn tán. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni kókó ọ̀rọ̀ náà. Olè tó já báàgì ìyá arúgbó gbà lójú títì ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun là ń wí. Ẹni tí à ń wí ni ọmọ, ìyàwó ọmọ, ọkọ, ìbátan, alágbàtọ́, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilé àti káàdì ìfowópamọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwádìí tó lókìkí jù lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde ní ọdún 2017. Àwọn tó ṣe é kó iṣẹ́ ìwádìí 52 láti orílẹ̀-èdè 28 jọ, wọ́n sì rí i pé nínú ènìyàn mẹ́fà tó ti pé ọgọ́ta ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ẹnì kan ni irú ìyà bẹ́ẹ̀ ti kàn láàárín ọdún kan. Ohun tó yẹ kí ó mú àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ronú jù ni bí wọ́n ṣe pín ìyà náà sí ìsọ̀rí. Èébú, ìhàlẹ̀ àti ìtẹ́nilógo ló pọ̀ jù, ó kan bíi 11.6 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà. Ìrẹ́jẹ lórí owó àti dúkìá jẹ́ 6.8, àìnáání jẹ́ 4.2. Lílù àti ìpalára ara kò ju 2.6 lọ, ìfipábánilòpọ̀ àti ohun tó jọ ọ́ kò sì tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ìtumọ̀ èyí ni pé dókítà tó bá ń dúró de ojú wíwú àti apá kíkán kí ó tó fura yóò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kọjá lọ níwájú rẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyí, pé ilẹ̀ Yorùbá kì í fìyà jẹ àgbà. Òótọ́ ni pé a bọ̀wọ̀ fún ọjọ́ orí ju ọ̀pọ̀ ẹ̀yà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbọ́ òwe wa dáadáa: bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òwe náà yin ọmọ tó ń tọ́jú òbí, ó sì tún fi hàn pé òkété ti bọ́ sọ́wọ́ ọmọ. Bí ọmọ bá kọ̀, kò ní ibòmíràn tí yóò ti mu. Ìdí nìyí tí ìbọ̀wọ̀ fún àgbà níta fi lè wà pẹ̀lú ìfìyàjẹ nínú yàrá. Ìtìjú tún wà níbẹ̀. Ìyá tó bá sọ pé ọmọ òun ń bú òun ti sọ fún ayé pé òun kò bímọ re, pé gbogbo ìyà tí òun jẹ lórí ọmọ já sí asán. Ọ̀pọ̀ ìyá á sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Kò ní lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kò ní lọ sí ààfin, kò sì ní fẹ́ kí pásítọ̀ tàbí àfáà gbọ́.

Ṣùgbọ́n yóò lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí pé ara á gbé e lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, oríkèé ríro, ojú tó ń ṣú: bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ sókè ni ìrìnàjò sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì ń pọ̀ sí i. Fún ẹni tí wọ́n ti yà nípá kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ àti ẹgbẹ́ rẹ̀, nọ́ọ̀sì lè jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo láti ìta tí yóò bá a sọ̀rọ̀ láàárín oṣù mẹ́ta. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí àwọn oníṣègùn gan-an fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí èyí gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ wọn. Ọdún 1975 ni àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ kọ̀wé sí ìwé ìròyìn ìṣègùn pé àwọn ìyá arúgbó kan tí wọ́n ń gbé wá sọ́dọ̀ àwọn kò ṣubú o, wọ́n lù wọ́n ni.

Ẹ jẹ́ kí a mú un bíi pé ìyá ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin dé ilé ìwòsàn ìjọba kan ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Ọmọkùnrin rẹ̀ ló gbé e wá, òun ló san owó káàdì, òun ló jókòó tì í níwájú dókítà. Dókítà béèrè pé kí ló ṣe Màmá, ọmọ dáhùn. Ó béèrè bóyá Màmá ń lo oògùn wọn déédéé, ọmọ dáhùn. Ìyá náà ti rù ju ti ìgbà tó wá gbẹ̀yìn lọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga, aṣọ tó wọ̀ kò bá òtútù mu, kò sì gbójú sókè. Dókítà tún oògùn kọ, ó ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn oṣù kan. Gbogbo rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú mẹ́jọ, kò sì sí ẹni tó ṣe ohun tó lòdì sí òfin. Bóyá ọmọ náà jẹ́ ọmọ dáadáa tó ń ṣe iyebíye lórí ìyá rẹ̀. Bóyá òun ló ń gba owó ìfẹ̀yìntì ìyá náà jẹ lóṣooṣù. Láti inú ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá yẹn, kò sí ọ̀nà tí dókítà lè gbà mọ èyí tó jẹ́ òótọ́.

Àmì wà tí ojú tó bá mọ̀ ọ́n wò lè rí. Egbò ìdùbúlẹ̀ ní ìdí àti gìgísẹ̀ ẹni tí wọ́n ní ọmọ mẹ́rin ń tọ́jú. Oògùn tí wọ́n rà ṣùgbọ́n tí kò dínkù nínú sáṣẹ́ẹ̀tì. Awò ojú tó fọ́ láti ọdún tó kọjá. Ìtàn ìṣubú tí kò bá ibi tí ọgbẹ́ wà mu, tàbí tó ń yí padà bí ẹni tó ń sọ ọ́ bá yí padà. Ẹni tí wọ́n ń gbé kiri láti ilé ìwòsàn kan dé òmíràn kí ẹnikẹ́ni má baà rí gbogbo ìwé rẹ̀ pọ̀.

Síbẹ̀, mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibi tí àṣìṣe ti rọrùn jù nìyí. Awọ ara àgbà máa ń fẹ́lẹ́, ó sì lè dúdú bí wọ́n bá kàn dì í mú kí ó má ṣubú. Àwọn oògùn tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn máa ń jẹ́ kí èyí tètè ṣẹlẹ̀. Àrùn lè mú kí ènìyàn rù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi oúnjẹ dù ú. Òṣì ńkọ́? Ọmọbìnrin tó ń ta ata ní ọjà, tó ń sanwó ilé ìwé ọmọ mẹ́ta, tí kò lè ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá rẹ̀ ní gbogbo oṣù, kò pa ìyá rẹ̀ tì; agbára rẹ̀ ni kò ká a. Bí a bá pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀daràn, a ti fi ìyà kún ìyà, ìyá náà kò sì ní padà wá mọ́. Ìdí nìyẹn tí àmì ara nìkan kò fi tó, tó fi jẹ́ pé àfi kí a béèrè.

Ọ̀nà ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mọ̀ jù lónìí wá láti ìlú Montreal ní Kánádà, níbi tí Dókítà Mark Yaffe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé e jáde ní ọdún 2008. Ìbéèrè mẹ́fà péré ni, kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì lọ. Márùn-ún jẹ́ ti aláìsàn: bóyá ó gbára lé ẹlòmíràn fún ìwẹ̀, oúnjẹ tàbí ọ̀rọ̀ báǹkì, bóyá ẹnikẹ́ni ti fi oúnjẹ, aṣọ, oògùn tàbí àwọn ènìyàn tó fẹ́ rí dù ú, bóyá wọ́n ti sọ̀rọ̀ sí i tí ojú fi tì í tàbí tí ẹ̀rù fi bà á, bóyá wọ́n ti fẹ́ fi tipá mú un fọwọ́ sí ìwé tàbí náwó rẹ̀ láìjẹ́ pé ó fẹ́, bóyá wọ́n ti pa á lára tàbí fọwọ́ kàn án ní ọ̀nà tí kò fẹ́. Ìbéèrè kẹfà kì í ṣe ti aláìsàn rárá. Dókítà ni yóò dáhùn rẹ̀ fúnra rẹ̀: ṣé mo ti rí àmì kankan lára ẹni yìí lónìí, tàbí láàárín ọdún kan sẹ́yìn? Bí ìdáhùn sí ọ̀kan nínú ìbéèrè kejì títí dé ìkẹfà bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ìfura ti wà. Kò tíì di ẹ̀rí, kò sì tíì di ẹjọ́.

Tí a bá gbé ìbéèrè wọ̀nyí wá sí ilé ìwòsàn wa bí wọ́n ṣe wà, mo rò pé wọn kò ní ṣiṣẹ́. Kì í ṣe pé wọn kò dára. Ẹni tó yẹ kí á máa béèrè nípa rẹ̀ ló jókòó sínú yàrá náà! Ní ìlú òyìnbó, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ń dá nìkan lọ rí dókítà. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, a kì í dá àgbà rán níṣẹ́ sí ilé ìwòsàn. Ọmọ ni yóò gbé e wá, ọmọ ni yóò sanwó, ọmọ ni yóò gbọ́ ohun tí dókítà wí. Ìwà ọmọlúàbí ni. Ó sì tún jẹ́ ọ̀nà tí ẹni ibi lè gbà ṣọ́ ẹnu àgbà. Ẹ tún fi kún un pé yàrá àyẹ̀wò wa máa ń kún, dókítà méjì lè máa lo yàrá kan, kí ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀ sí ibi tí ogójì ènìyàn jókòó sí.

Ohun tó lè yanjú èyí kò le. Kí ó di ìlànà pé gbogbo ẹni tó bá ti pé ọgọ́ta ọdún, láìka ẹni tí ó jẹ́ sí, yóò dá wà pẹ̀lú nọ́ọ̀sì fún ìṣẹ́jú márùn-ún nígbà tí wọ́n bá ń wọn ìwọ̀n ara rẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sára ògiri ní èdè Yorùbá kí gbogbo ènìyàn lè kà á. Bí ó bá jẹ́ ìlànà fún gbogbo ènìyàn, kò sí ọmọ tí yóò rò pé òun ni wọ́n fura sí, kò sì sí ìyá tí yóò dé ilé kí wọ́n máa bi í pé kí ló sọ nípa àwọn. Àǹfààní tó wà nínú bíbéèrè lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn nìyẹn, ó sì ju ti kí á máa fojú yan àwọn tí a rò pé ìyà ń jẹ.

Bí a ṣe ń béèrè tún ṣe pàtàkì. Bí nọ́ọ̀sì ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n bá dojú kọ ìyá àgbà tó ní, “Ṣé ọmọ yín ń fìyà jẹ yín?” ìdáhùn tí yóò gbà ni “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́,” ọ̀rọ̀ sì ti parí. Ìbéèrè náà ti kọ ojú ìjà sí ọmọ ẹni. Ṣùgbọ́n bí ó bá kúnlẹ̀ kí wọn, tó ní, “Màmá, ta ló ń bá yín se oúnjẹ nílé? Kí lẹ jẹ lánàá?” ìyá yóò sọ̀rọ̀. “Ìgbà wo lẹ lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ yín kẹ́yìn?” “Bí wọ́n bá san owó ìfẹ̀yìntì, ta ni ó ń bá yín gbà á? Ṣé ó máa ń tó yín lọ́wọ́?” “Bàbá, ṣé ara máa ń rọ̀ yín bí ilẹ̀ bá ṣú, àbí ọkàn yín kì í balẹ̀?” Ìbéèrè nípa oúnjẹ, owó àti oorun kì í ṣe ẹ̀sùn. Ohun kan náà tí ti Montreal ń wá ni wọ́n ń wá, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tí àgbà Yorùbá lè gbà jáde wà níbẹ̀. Ó yẹ kí àwọn onímọ̀ èdè àti àwọn nọ́ọ̀sì wa jókòó pọ̀ láti tún wọn tò, kí wọ́n sì dán wọn wò ní ìlú ńlá àti ní abúlé kí a tó tẹ̀ wọ́n sínú ìwé.

Àwọn kan wà tí wọn kò lè dáhùn ìbéèrè kankan. Ti Montreal gan-an, àwọn tí iyè wọn ṣì jí pépé ni wọ́n fi dán an wò. Ẹni tí àrùn ìgbàgbé ti mú kò lè sọ ohun tó jẹ lánàá, òun sì ni ewu ìfìyàjẹ sún mọ́ jù. Ní ilẹ̀ wa, ewu rẹ̀ ní apá kejì. Ìyá tó ń rìn kiri lóru, tó ń bá ẹni tó ti kú sọ̀rọ̀, tó ń sọ pé òun ṣe ohun tí òun kò ṣe, kì í pẹ́ kí àwọn ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní àjẹ́. Láti ibẹ̀, ìlẹ̀kùn títì, ebi àti lílù kò jìnnà mọ́. Àìsàn ọpọlọ ni àrùn ìgbàgbé, àwọn olùwádìí ní Ìbàdàn sì ti ń ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ láàárín àwọn àgbàlagbà Yorùbá láti bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Fún irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀, ìbéèrè kẹfà nìkan, ti dókítà fúnra rẹ̀, ló kù, pẹ̀lú ṣíṣe àlàyé àìsàn náà fún ẹbí kí ìbẹ̀rù àjẹ́ tó gba ilé. Mo gbà pé àlàyé yìí lè dáàbò bo àgbàlagbà ju ìwé ẹ̀sùn mẹ́wàá lọ.

Tí Màmá bá wá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni ńkọ́? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti nira jù. Ní ọdún 2018, ìgbìmọ̀ tó ń gba àwọn dókítà Amẹ́ríkà nímọ̀ràn lórí àyẹ̀wò sọ pé ẹ̀rí kò tíì tó láti mọ̀ bóyá bíbi gbogbo àgbàlagbà léèrè ń ṣe wọ́n láǹfààní ju ìpalára lọ. Wọn kò ní kí dókítà má béèrè. Ohun tí mo rí nínú ìdájọ́ wọn ni pé ìbéèrè nìkan kì í ṣe ìtọ́jú. Ìyá tó tú àṣírí ilé rẹ̀ fún nọ́ọ̀sì, tí nọ́ọ̀sì sì sọ fún un pé kí ó máa gbàdúrà, tí ó wá padà sí yàrá kan náà, bọ́yá ì bá sàn kí a má bi í.

Òfin wà. Abala 17 nínú Ìwé Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní kí ìjọba dáàbò bo àwọn ọmọdé, ọ̀dọ́ àti àgbàlagbà lọ́wọ́ ìrẹ́jẹ àti àìnáání, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá yẹn wà lára ohun tí ènìyàn kò lè fi pe ìjọba lẹ́jọ́. Òfin tó lágbára jù ni èyí tó lòdì sí ìwà ipá sí ọmọnìyàn, tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2015: ó ka èébú àti ìtẹ́nilógo, fífi owó de ènìyàn mọ́lẹ̀, lílé ènìyàn kúrò nílé rẹ̀, àṣà opó tó ń panilára àti pípa ẹni tó gbára léni tì sí ẹ̀ṣẹ̀, ó sì fún ilé ẹjọ́ láṣẹ láti pàṣẹ ààbò. Àbújá nìkan ni ti ìjọba àpapọ̀ kàn tààrà, ṣùgbọ́n àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ti ní tiwọn, Èkó láti ọdún 2007, Èkìtì láti ọdún 2011, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé wọn. Ohun tó kù ni pé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìlera kò mọ̀ pé òfin wọ̀nyí kan àgbàlagbà pẹ̀lú. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ọkọ àti ìyàwó nìkan ni.

Òṣìṣẹ́ ìlera kò sì lè sáré gbé ọ̀rọ̀ aláìsàn lọ síta. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 pa á láṣẹ pé àṣírí aláìsàn gbọ́dọ̀ wà ní ìpamọ́, àyàfi ní àwọn ipò tí òfin náà là kalẹ̀, bí i kí aláìsàn fọwọ́ sí i tàbí kí ilé ẹjọ́ pàṣẹ. Àgbàlagbà kì í ṣe ọmọdé. Bí iyè rẹ̀ bá pé, tó sì ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́, tirẹ̀ ni ìpinnu náà, ìbáà dùn wá tàbí kò dùn wá. Ohun tí nọ́ọ̀sì lè ṣe ni kí ó sọ ìrànlọ́wọ́ tó wà fún un, kí ó kọ ohun tó rí sínú ìwé aláìsàn ní ọ̀rọ̀ tó ṣe kedere, kí ó sì fún un ní ọjọ́ tí yóò padà wá láìpẹ́. Ọ̀pọ̀ ìyá kì í sọ ọ́ ní ìgbà àkọ́kọ́.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ náà ló yẹ kí ó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ẹni tó ń tọ́jú bàbá tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dúbúlẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, tó ń yí i, tó ń fọ̀ ọ́, tí kò sùn lóru, nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní Kánádà àti ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, lè jágbe mọ́ bàbá náà lọ́jọ́ kan. Ó yẹ kí ó dáwọ́ rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n ó nílò ìrànlọ́wọ́ ju ìjìyà lọ. Iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn ilé ìwòsàn nìyẹn: kí ó pe ẹbí jọ, tí àwọn tó wà lókè òkun náà á sì wà lórí fóònù, kí wọ́n pín ẹrù náà, kí a mọ iye owó tó ń wọlé àti ọwọ́ ẹni tó ń gbà á. Ṣùgbọ́n lílù, ìfipábánilòpọ̀, títa ilẹ̀ bàbá lẹ́yìn rẹ̀ àti fífi ebi pa ènìyàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpàdé ẹbí. Mo sọ èyí nítorí pé a fẹ́ràn láti máa parí ohun gbogbo nílé.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera náà ní ilé tiwọn láti wò. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní àwọn ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àgbàlagbà, òṣìṣẹ́ méjì nínú mẹ́ta ló jẹ́wọ́ pé àwọn ti fìyà jẹ àgbàlagbà kan láàárín ọdún kan. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ti jókòó ní ilé ìwòsàn rí mọ bí ohùn ṣe máa ń le mọ́ bàbá tí etí rẹ̀ kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n pè é. Àgbà tí wọ́n jágbe mọ́ ní ibi gbígba káàdì kò ní tú àṣírí rẹ̀ nínú yàrá àyẹ̀wò.

Ilé ìtọ́jú àgbàlagbà tó wà ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 2012, ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Kò lè gba gbogbo ènìyàn, kò sì yẹ kí a retí pé yóò gbà wọ́n. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ní wọ́ọ̀dù ni ìyá arúgbó lè fẹsẹ̀ rìn dé. Ohun tí irú ibẹ̀ nílò kò pọ̀: ìlà kan lórí káàdì tó fi hàn pé a ti bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ ní òun nìkan, igun kan tí wọ́n lè fi aṣọ pín, àti orúkọ òṣìṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn kan ní ìjọba ìbílẹ̀ tí nọ́ọ̀sì lè pè kí ó sì gbé fóònù. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni yóò ná ìjọba lówó, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ náà kò tó, òun náà ló sì yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe.

Ní ti ẹ̀yin tí ẹ ń gbé òbí lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ jẹ́ kí Màmá tàbí Bàbá dáhùn fúnra wọn bí dókítà bá bi wọ́n, bí ó tilẹ̀ pẹ́. Bí nọ́ọ̀sì bá ní kí ẹ jọ̀wọ́ jókòó síta fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ jókòó síta. Bí ẹ bá sì mọ àgbàlagbà kan ní àdúgbò yín tí ẹ kò rí mọ́, tí wọ́n ń sọ pé ó ń sùn ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá kí i, ẹ lọ sí ẹ̀ka ìgbáyé-gbádùn ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ rí fún wọn.